Àpò Oúnjẹ Tó Kù Lẹ́yìn Ilẹ̀kùn

Ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ,
Ẹ̀yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́.
Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kẹjọ.

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Bàbá Ìbejì ńkọ́? Àwọn ọba ọmọ méjì yẹn ńkọ́, ṣé wọn ò tíì wó ilé mọ́ ọ lórí? Ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ nígbà tí o kọ̀wé gbẹ̀yìn ńkọ́, ṣé ó ti jẹ́ kí o sinmi? Tiwa náà ń bẹ, a dúpẹ́. Bí o bá rí i tí ìlà lẹ́tà mi ń ṣe kọ́lọkọ̀lọ, má bínú. Bí mo bá kọ díẹ̀, màá dìde lọ wo ojú títì, màá tún padà wá jókòó. Láti ọjọ́ Ẹtì ni ìdí mi ò ti balẹ̀ lórí àga.

O mọ̀ pé bàbá àwọn ọmọ ti fi ọkọ̀ àjàgbé sílẹ̀. Ohun tí mi ò tíì sọ fún ọ ni ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí a ti bí àbíkẹ́yìn wa, ojú ọ̀nà ni ọkùnrin yìí ń gbé. Bó bá dé lónìí, èmi àti àwọn ọmọ méjèèjì á tò sẹ́nu ọ̀nà, a ó ní "Ẹ káàbọ̀". Kílẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán, ó ti lọ. Ni àbíkẹ́yìn bá sọ ọ́ ní Ẹ-káàbọ̀. Wọ́n ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ; tiwa, ọmọ ló wo ilé tó fi sọ bàbá rẹ̀ lórúkọ. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Àfi ọjọ́ tí òun fúnra rẹ̀ gbọ́ ọ, tí ọmọ náà ń júwe rẹ̀ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ-káàbọ̀ nìyẹn, wọ́n á tún lọ lọ́la." Kò bínú. Ó kàn jókòó sétí ibùsùn, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn ló gba iṣẹ́ ilé ìkẹ́rùsí nítòsí ilé.

Ṣùgbọ́n ilé náà ò gbà á wẹ́rẹ́. Bó bá wọlé, àwọn ọmọ á dákẹ́ bí ẹni pé olùkọ́ wọ kíláàsì. Bí wọ́n bá fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, èmi ni wọ́n ń rán. Nígbà tó yá, ó ní bí àlejò lòun rí nínú ilé ara òun, pé ọ̀gá òun àtijọ́ ò tíì fi ọkọ̀ òun lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, ọjọ́ Ajé ọ̀la yìí ló sì ń retí èsì. Mi ò fẹ́ kó lọ, ọ̀rẹ́ mi. Ó ti sú mi láti máa fi fóònù fẹ́ ọkọ.

Ó wá dá a lábàá pé kóun kó àwọn ọmọ lọ pàgọ́ sẹ́bàá odò, àwọn mẹ́ta péré, kí wọ́n sùn síbẹ̀ di ọjọ́ Àìkú. Mo ní kí ni onílé ń wá nínú àgọ́, àmọ́ mo gbà. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. O ṣáà mọ ìwà mi. Mo fi aṣọ tó ṣẹ́kù nínú iṣẹ́ rán àpò kéékèèké, okùn pupa fún oúnjẹ àárọ̀, funfun fún ọ̀sán, dúdú fún alẹ́. Mo wọn ìrẹsì, mo ti po ata gbígbẹ mọ́ ọn. Mo se ẹyin, mo wé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má baà fọ́. Mo din ẹran, mo di búrẹ́dì àti bisikíìtì, mo tiẹ̀ di gbogbo iyọ̀ tó wà nílé mọ́ ọn. Nítorí àbíkẹ́yìn tí kì í jẹ ohun tí kò bá ti ọwọ́ mi jáde, mo din ọ̀dùnkún lọ́tọ̀, mo sì kó gbogbo oúnjẹ náà sínú àpò ńlá kan. Ẹní, tọ́ọ̀ṣì, ìṣáná, aṣọ òtútù, kò sí èyí tó yẹ̀. Ọkọ mi kàn ń wò mí ni, ó ń họ irùngbọ̀n.

Wọ́n gbéra láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Mo gbálẹ̀ dé ilé ìdáná, kí ni mo rí lẹ́yìn ilẹ̀kùn? Àpò oúnjẹ! Mo figbe ta. Mo pe fóònù rẹ̀, kò wọlé. Mo tún un pè títí, kò wọlé. Mo ránṣẹ́ sí àbúrò mi ọlọ́kadà pé kó wá gbé mi lé wọn bá. Mo ti gbé ẹsẹ̀ kan lé ọ̀kadà kó tó bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé bọ̀ọ̀dá tí mo mọ̀ yìí lè gbàgbé ẹrù?"

Mo sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀. Awakọ̀ àjàgbé kì í gbéra láìyí ọkọ̀ rẹ̀ ká, kó fọwọ́ kan okùn kọ̀ọ̀kan. Ojú mi ló ṣe yí ọkọ̀ kékeré tó yá fún ìrìn àjò náà ká láàárọ̀ yẹn, tó wọ ilé ìdáná, tó jáde, tó ní ẹrù ti pé. Mo tú àpò wò. Gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Iyọ̀ nìkan ló mú.

Inú bí mi débi pé ilẹ̀kùn ni mo ń bú. Àbúrò mi ní tiẹ̀ ti ń bó ẹyin jẹ. Ìgbà tí ara mi wálẹ̀ ló tó yé mi: bí oúnjẹ mi bá bá wọn lọ, èmi náà bá wọn lọ nìyẹn, òun á sì tún di awakọ̀ tó kàn bá mi gbé ẹrù débẹ̀. Ó yé mi o, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀. Kí ni ọmọ yẹn ń jẹ? Láti ìgbà náà, mo ti rán apá òsì mọ́ ọ̀tún fún oníbàárà kan, mo sì ti gbàgbé áyọ́ọ̀nù sórí aṣọ ẹlòmíràn. Bó bá jẹ́ pé ẹkún ni àbíkẹ́yìn fi ń pè mí níbẹ̀, a jẹ́ pé èsì ọjọ́ Ajé ti jáde. Mo tún din ọ̀dùnkún mìíràn sílẹ̀ dè é báyìí. Mo ń gbọ́ ìró ọkọ̀, jẹ́ n wò ó.

Ọ̀rẹ́ mi, àwọn ni o! Mo sáré dé ẹnu ọ̀nà. Eérú kún ojú wọn, aṣọ wọn ń rùn èéfín, bàtà àbíkẹ́yìn kan ti nù, ó sì gun bàbá rẹ̀ lọ́rùn. Kí n tó la ẹnu, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pariwo lẹ́ẹ̀kan náà: "Ẹ kúulé o!"

Gbogbo ọdún wọ̀nyí, àwa mẹ́ta là ń dúró níbi tí mo dúró sí, òun nìkan ló ń ti ìta bọ̀. Lónìí, èmi nìkan ló kù láti sọ pé ẹ káàbọ̀. Mo sọ ọ́, omi sì bọ́ lójú mi. Ọkọ mi ní òun ti pe ọ̀gá òun lójú ọ̀nà, níbi tí fóònù ti wọlé, pé kó fi ọkọ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Àbíkẹ́yìn ní ìrẹsì tí bàbá àwọn rà lójú ọ̀nà làwọn ń sè jóná jẹ, òun lòun sì ń fẹ́ iná. Mo gbé ọ̀dùnkún síwájú rẹ̀. Ó tọ́ ọ wò, ó yínmú. Ó na ọwọ́ kọjá iwájú mi, ó ní, "Bàbá mi, ẹ fún mi níyọ̀." Ọkọ mi sì yọ àpò iyọ̀ mi látinú ṣòkòtò rẹ̀.

Bá mi kí Bàbá Ìbejì, kí o sì fi orí àwọn ìbejì gbá ara wọn fún mi, jẹ́jẹ́ o.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí ìdí rẹ̀ ti wá balẹ̀ lórí àga,
Aránṣọ.