Ojú Mi Ń Lọ sí Savalou

Ọjọ́rú, 6 Agẹmọ 1988
Ìyá Léa, ìyàwó mi, ti lọ. Ó kó ọmọ, ó kó ìkòkò, ó wọ mọ́tò Rachidi awakọ̀, ó di ilé ìyá rẹ̀ ní Savalou. Ọtí sódábì ló lé e. Mo ní mo ti fi ọtí sílẹ̀. Ó ní òun ti gbọ́ ìyẹn títí etí òun fi di. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ó ní: ṣebí onífọ́tò ni mí? Kí n máa ya ojú ara mi ní gbogbo ọjọ́ ọjà, kí n máa fi rán Rachidi sí òun. Ojú yẹn ni yóò sọ bóyá kí òun padà.

Ó dáa. Ta ló ń bẹ̀rù fọ́tò ní Bantè yìí?

Ọjọ́bọ̀, 7 Agẹmọ
Ó ṣòro. Téèyàn bá tẹ ẹ̀rọ fọ́tò yìí, á máa kùn bí eṣinṣin, kí o sáré lọ jókòó kó tó ṣẹ́jú. Mo sáré. Mo fẹsẹ̀ kọ àga. Fọ́tò kìn-ín-ní: ìdí mi. Ìkejì: ìdí mi àti àga. Bàbá Onígò, ìgò sódábì mi, ń pè mí láti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì — n kò dá a lóhùn.

Àbámẹ́ta, 9 Agẹmọ
N kò mu.

Ìṣẹ́gun, 12 Agẹmọ
Mo sá àwọn ojú mi sórí okùn kí wọ́n gbẹ. Bilkissou aránṣọ wá gba fọ́tò ọmọ rẹ̀. Ó wo okùn, ó wò mí, ó béèrè bóyá mo fẹ́ du oyè delegé ìlú ni. Mo ní rárá o! Ó ní kí n tètè ká wọn kí delegé tó wà lórí oyè tó rí i.

Ẹtì, 15 Agẹmọ
Ọ̀kan ti lọ sí Savalou. Ó dára gan-an. Ojú ń dán.

Ajé, 18 Agẹmọ
Ìtìjú. Láti ọ̀nà ni Rachidi ti ń rẹ́rìn-ín bọ̀. Kọmísárìá — ìyá ìyàwó mi, obìnrin tó ń wo èèyàn bíi pé o jí ewúrẹ́ — ti fi fọ́tò náà han gbogbo agbo ilé, ó ń béèrè ọmọ ta ni arẹwà yìí. Tí kò bá tíì níyàwó, kí Clémentine ọmọ òun fi ọ̀mùtí Bantè sílẹ̀, kó fẹ́ ẹ! Ìyá Léa kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ojú mi lòun ní kí n fi ránṣẹ́, òun kò wá ọkọ tuntun.

Mo gbé fíìmù náà síwájú iná lámpù, mo wò ó. Yéè! Ọwọ́ mi ló ṣe é. Gbogbo oníbàárà ni mo máa ń fi pẹ́ńsù tẹ́ẹ́rẹ́ tún fíìmù wọn ṣe: mo pa àpò abẹ́ ojú rẹ́, mo sọ arúgbó di ọ̀dọ́. Ta ló ń sanwó fún ojú tó ní nílé? Mo ti jókòó, mo tún ara mi ṣe bí oníbàárà, láìronú rárá. Mo tilẹ̀ bá ara mi to eyín.

Ọjọ́rú, 20 Agẹmọ
Mo so pẹ́ńsù mọ́ àjà, kí ọwọ́ mi má baà tó o.

Àìkú, 31 Agẹmọ
Orí mi o. Ìsìnkú ní Pira. Wọ́n ní onífọ́tò kì í ya òkú àgbà pẹ̀lú ọ̀fun gbígbẹ. Ife kan. Lẹ́yìn ìyẹn, n kò mọ ife mọ́. Gbogbo fọ́tò tí mo yà níbẹ̀: ẹsẹ̀.

Ajé, 1 Ògún
Mo ya ara mi bí mo ṣe jí. Ojú wú, ètè wú, erùpẹ̀ Pira nínú irungbọ̀n. Mo gun àga kí n lè já pẹ́ńsù. Mo dúró lórí àga pẹ́. Mo sọ̀kalẹ̀ lọ́wọ́ òfo.

Rachidi wò ó, ó ní, ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n sọ pé ó jábọ́ lọ́nà. Mo ní kó mú un lọ. Bó ṣe lọ tán, mo sunkún.

Ẹtì, 5 Ògún
Kò sí èsì.

Ìṣẹ́gun, 9 Ògún
Kò sí. N kò mu. N kò mọ ẹni tí mo ń ṣe é fún mọ́.

Àìkú, 14 Ògún
Gbogbo ayé ń lọ Savalou fún ọdún iṣu ọ̀la. Mọ́tò tó ń ti ibẹ̀ bọ̀, ta ni yóò wọ̀ ọ́? Ìyá Léa ló sọ̀kalẹ̀, ọmọ lẹ́yìn, fọ́tò burúkú yẹn lọ́wọ́. Mo ń wá ibi tí n ó sá sí.

Ó ní òun kò mọ ọkùnrin inú fọ́tò tó kọ́kọ́ wá. Eléyìí, òun mọ̀ ọ́n. Ó ní ẹni tó lè jẹ́ kí Kọmísárìá rí ojú rẹ̀ báyìí, ó ti ṣe tán láti sọ òtítọ́.

Ó gbé ẹrù wọ yàrá. Kò tíì tú u. Léa ti sùn lé e lórí.

Ọ̀fun mi ń gbẹ, ó ń gbẹ gan-an. Mo bu omi, mo mu ún. Ó ń wò mí. Mo tún bu òmíràn.