Ibi Tí Ọ́ìlì Ń Gbà Jáde

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà

Dúdú ń jò. Mo bá ọ́ìlì lábẹ́ rẹ̀ láàárọ̀ yìí, ó tẹ́ sílẹ̀, ó fẹ̀ tó àwo. Mo fi ìka kàn án, mo gbóòórùn rẹ̀ — ọ́ìlì jíà, kì í ṣe pẹtiróòlù. Alùpùpù Bàbá ni Dúdú, ó dàgbà jù mí lọ, jíà rẹ̀ sì ní ọ́ìlì tirẹ̀ lọ́tọ̀. Òun ni mo fi ń sáré ra nǹkan fún ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì wa. Mo sọ fún Bàbá. Wọ́n ní sílì ẹ̀yìn ṣéènì ni, rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì mọ́nú, kí n lọ wò ó, "Ọwọ́ Ọ̀tún mi." Wọn ò tiẹ̀ dìde lórí àga. Láti ìgbà tí wọ́n ti fi ṣọ́ọ̀bù lé mi lọ́wọ́, orí àga ni wọ́n ti ń tún alùpùpù ṣe.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Mo pààrọ̀ sílì. Mo fi Dúdú dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì bí Bàbá ṣe kọ́ wa, kí ọ́ìlì má baà tú jáde. Ọ́ìlì tó bá ṣì dára, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dà á nù ní ṣọ́ọ̀bù yìí — òfin wọn nìyẹn, gbogbo ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn ló mọ̀ ọ́n. Sílì tí mo yọ kò fi bẹ́ẹ̀ bàjẹ́. Ìyẹn kọ mí lóminú díẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Ó tún jò! Kí ni mo ṣe fún alùpùpù yìí ná?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Nọ́ọ̀tì ìdí jíà — mo tún fi Dúdú dùbúlẹ̀ kí n tó tú u, mo fi wáṣà tuntun sí i. Sílì ẹsẹ̀ jíà — mo pààrọ̀ òun náà. Pàbó. Ojú ń tì mí. Bí oníbàárà kan bá rí mi tí mò ń bá Dúdú fa wàhálà báyìí, ta ló máa gbé tirẹ̀ wá?

Bàbá wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Wọ́n ní kí ló ṣe Dúdú. Mo ní ó ń jò. Wọ́n ní láti ìgbà wo. Mo bú sẹ́rìn-ín, mo rò pé wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ẹnu Bàbá kì í dákẹ́ ẹ̀fẹ̀. Wọn ò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Màmá ní ìdájí ni Bàbá ń jí báyìí. Mo bèèrè ohun tí wọ́n ń jí ṣe. Màmá ní ṣé èmi ò ní iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣe ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Mo fi pẹtiróòlù àti búrọ́ọ̀ṣì fọ Dúdú mọ́ tónítóní, mo nù ún gbẹ, mo wá bu pọ́dà Màmá lé gbogbo ara ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Màmá pariwo — pọ́dà tó ń ta sánsán yẹn! Mo gùn ún lọ, mo gùn ún bọ̀, mo dọ̀bálẹ̀ wò ó.

Ìdí jíà funfun báláú. Ẹ̀yìn ṣéènì funfun. Òkè ni ọ́ìlì ti ń sọ̀ kalẹ̀! Ẹnu rọ́bà kékeré tí jíà fi ń mí.

Jíà kì í bì tí kò bá yó. Ta ló máa ronú pé alùpùpù tó ń jò, yíyó ló yó? Mo tú nọ́ọ̀tì ẹ̀gbẹ́ tí a fi ń wọn ọ́ìlì. Ó yẹ kó kàn dé ẹnu ihò ni. Ṣe ló ya jáde, ó kún abọ́, ó rin bàtà mi. Ká ní mo ti da ọ́ìlì yẹn jáde lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ǹ bá ti mọ̀. Ta ló ń da ọ́ìlì sí Dúdú?

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́. Mo dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù.

Bàbá ni. Wọ́n dé fìlà, wọ́n mú àrọ dání. Wọ́n ṣí ẹnu jíà, wọ́n rọ ọ́ìlì sí i, wọ́n fi àkísà nu ẹnu rẹ̀ dáadáa. Ọwọ́ wọn ò gbọ̀n rárá. Wọ́n wọlé lọ. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí — ẹ̀yin lẹ ti ń fìyà jẹ mí láti ọjọ́ yìí!

Lẹ́yìn oúnjẹ wọ́n tún jáde, wọ́n tún nawọ́ sí ike ọ́ìlì. Mo ní Bàbá, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un tán. Wọ́n wò mí. "Èmi? Nígbà wo?" Ọ́ìlì àkọ́kọ́ ṣì wà ní ìka wọn.

Mo lọ sẹ́yìn ilé, mo sunkún bí ọmọdé.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Mo sọ fún Màmá. Aṣọ ni wọ́n ń ká. Wọ́n ní àwọn ti mọ̀. Mo ní kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi. Wọ́n ní ọ́ìlì ni, kì í ṣe májèlé, kí n jẹ́ kí Bàbá máa dà á, àbí kí ni mo tún fẹ́ gbà lọ́wọ́ wọn, ìwọ ọmọbìnrin yìí? Inú bí mi. Mo ní ẹ ò bá ti sọ.

Màmá gbé aṣọ sílẹ̀. Wọ́n ní, "Lánàá, bàbá yín bi mí bóyá mo ti lọ́kọ. Mo ní mo ti ní. Wọ́n ní, áà, ó mà ṣe o."

Wọ́n tún gbé aṣọ, wọ́n ń ká a lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Mi ò ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Bàbá bá mi nídìí Dúdú. Wọ́n ní kí ló dé tí mo fajú ro. Mo jábọ̀ fún wọn bí ìgbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́: sílì tuntun, wáṣà tuntun, ẹnu rọ́bà tó fi ń mí ni ọ́ìlì ń gbà jáde. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ṣì mọ̀ ọ́n ni.

Wọn ò jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. "Ọ́ìlì ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Kò sí ohun tó bàjẹ́. Ẹnìkan ló ń dà á sí i, onítọ̀hún ò sì mọ ohun tó ń ṣe." Ọ̀rọ̀ wọn já geere, bíi tàtijọ́ gan-an. Inú mi dùn títí ó fi ń dùn mí. Wọ́n ní kí n wá ẹni náà rí, kí n gba ọ́ìlì lọ́wọ́ rẹ̀, kí n má sì jẹ́ kó tún fọwọ́ kan alùpùpù kankan ní ṣọ́ọ̀bù àwọn, ì báà jẹ́ ọmọ àwọn. Wọ́n ní ṣé mo ti mọ̀ ọ́n.

Mo ní, "Rárá, Bàbá."

Wọ́n fọwọ́ kàn mí léjìká. "Má dára ẹ láàmú. Èmi náà á bá ẹ ṣọ́ ọ." Wọ́n fa àga wọn wá, wọ́n jókòó ti ike ọ́ìlì, wọ́n kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ibẹ̀ ni wọ́n wà títí mo fi ti ṣọ́ọ̀bù.