Sìmẹ́ǹtì Tí Mo Ní Kí Ẹ Fi Rẹ́ Ilé Bàbá Àgbà

Ẹ kú ilé o, Màmá mi. Ẹ kú àfojúsọ́nà wa. Mo kí Bùrọ̀dá Délé, mo kí ìyàwó wọn, mo kí gbogbo agboolé wa ní Òkukù. Ara mi le. Òtútù Glasgow níbí ti ń rọlẹ̀, ṣùgbọ́n ìbọ̀sẹ̀ méjì ni mo ṣì ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́.

Bùrọ̀dá pè mí lọ́jọ́ Àìkú. Wọ́n ní ògiri yàrá yín ti sán, ó sì ti ń wú. Wọ́n ní ilé alámọ̀ ti darúgbó, kí n fọwọ́ sí i kí wọ́n wó pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Bàbá àgbà kí òjò tó dé. Nígbà tí mo ní màá pè wọ́n padà, wọ́n bi mí bóyá òtútù ti gbé ahọ́n mi mì.

Kì í ṣe òtútù. Ojú ló ń tì mí.

Ẹ ó rántí pé lẹ́yìn òjò ọdọọdún, Ìyá àgbà a kó àwọn ìyàwó ilé jọ, wọn a po amọ̀ mọ́ ìgbẹ́ màlúù, wọn a fọwọ́ rẹ́ ògiri. Àwọn ẹgbẹ́ mi nílé ìwé a máa ní ilé màlúù ni mo ti ń bọ̀. Nígbà tí mo ríṣẹ́, èmi ni mo ní kí ẹ fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ gbogbo rẹ̀, kí ilé wa lè dà bí àwọn ilé tuntun Ìkìrun. Ẹ ní ilé náà ò ní lè mí mọ́. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ṣáà ti kàwé.

Iṣẹ́ mi níbí báyìí ni kí n máa họ sìmẹ́ǹtì kúrò lára ilé àtijọ́. Ọ̀gá mi, bíríkìlà àgbà kan, ní sìmẹ́ǹtì kì í jẹ́ kí omi inú ògiri rọ́nà jáde, ògiri á sì máa jẹrà láti inú. Ohun tí ẹ sọ gẹ́lẹ́ ni. Ó ti tó ọdún kan tí mo ti gbọ́ ọ, n kò lè sọ fún yín.

Màmá, ẹ jẹ́ kí wọ́n họ sìmẹ́ǹtì náà dànù. Ẹ lọ máa sùn nílé Bùrọ̀dá títí ògiri á fi gbẹ, lẹ́yìn náà kí wọ́n po amọ̀ bíi ti Ìyá àgbà. Àbí ó ti pẹ́ jù? N kò mọ̀. Ó rọrùn fún ẹni tí kì í sùn lábẹ́ òrùlé kan láti ní kí wọ́n má wó o. Ẹ pe bíríkìlà tó mọ iṣẹ́ amọ̀ láti Ìnísà, kó wá wò ó. Bó bá ní kò ṣeé tún ṣe mọ́, ẹ wó o. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ sọ fún agboolé pé kì í ṣe ọwọ́ Bàbá àgbà tó kọ́lé ló tàsé.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa, àlàáfíà ò ní jìnnà sí ilé. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà.

Èmi ọmọ yín, tó dí ilé nímú,
Túndé