Mi Ò Parí Ìjà: Sí Àbúrò Mi Tó Fẹ́ Ta Dọ́fíìnì Láàyè

Ilé Ramolelea,
Ẹ̀bá Èbúté,
Honiara,
Erékùsù Solomon.
Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kejì, 2009.

Àbúrò mi Wateʼoli, ẹni tí mo ń bá jà,

Ṣé ara rẹ le? Mo bèèrè nítorí pé èmi kì í bá aláìsàn jà. Àwọn ọmọ ńkọ́? Kókò inú oko ńkọ́, ṣé ìjì ọ̀sẹ̀ tó kọjá kò fà á tu? Mo gbàdúrà pé kí àlàáfíà wà ní gbogbo ilé ní erékùsù yín, àfi láàárín èmi àti ìwọ nìkan. Àlàáfíà tàwa méjèèjì ni mi ò fẹ́ kó wà.

Tiwa náà dára. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí mo fi owó àgbọn gbígbẹ kọ́ ṣì dúró digbí. Ìwé méjì péré ni mo kà kí bàbá wa tó yọ mí, àmọ́ àwọn akọ̀wé ìjọba ló ń háyà yàrá lọ́wọ́ mi lónìí. Mo ní ọkọ̀ mẹ́ta lórí omi. Mi ò jalè, mi ò sì bẹ ẹnikẹ́ni. Mo ń sọ èyí kí o lè mọ̀ pé kì í ṣe ẹni tí ebi ń pa ló ń sọ fún ọ pé owó kan kò dára. Mo mọ owó, owó náà mọ̀ mí.

Kelesi ìyàwó rẹ dé ọ̀dọ̀ mi lọ́jọ́ Àìkú, òun àti ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n dì lẹ́sẹ̀, pẹ̀lú agbọ̀n obì àti ẹfun tí a fi ń jẹ ẹ́. Bí mo ti fojú kan ẹlẹ́dẹ̀ yẹn ni mo ti mọ ohun tí o ń wá. Ṣé o rò pé ìlú ńlá ti mú mi gbàgbé òfin ilé wa? Bí ẹnì kan nínú ìdílé bá ń bínú sí ẹnì kejì, ọkọ̀ kankan kò gbọdọ̀ jáde lọ da dọ́fíìnì wálé. A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ parí ìjà, ká jọ jẹ obì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òkun á mú ẹnì kan. Kì í ṣe pé àárò mi ń sọ ọ́. Ọkọ̀ lo fẹ́ gbé jáde.

Kelesi ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa mú obì yìí. Gbogbo ọkọ̀ ti wà létí omi, ẹ̀yin nìkan la ń dúró dè.”

Mo ní, “Ta lẹ fẹ́ dà á wá fún? Ṣé fún ìkòkò ọbẹ̀ yín ni, àbí fún òyìnbó Pritchett yẹn, tó ń ra dọ́fíìnì láàyè?”

Ó wolẹ̀. “Ó ti ṣèlérí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ àti páànù ṣọ́ọ̀ṣì.”

“Ẹni tó ń ra ẹja láàyè, ó lè ra ìwọ náà.”

“Èmi kẹ̀? Arúgbó bíi tèmi? Mi ò kúkú lè fò gba inú òrùka kọjá bí wọ́n ṣe ń kọ́ dọ́fíìnì.”

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, mo gbé e mì. Mere ìyàwó mi fún un ní ọ̀dùnkún àti ẹja jẹ, ó sùn, ó sì fa ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀ padà sínú ọkọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

O máa ní kí ló kàn mí, èmi tí mo ti pa dọ́fíìnì jù ọ́ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni, mo pa á! Ta ló mọ òkúta lù lábẹ́ omi bíi tèmi? Bí mo bá lu òkúta méjì mọ́ra, odindi agbo á yíjú sí etíkun bí ẹni tí wọ́n fi okùn fà. Mo ti gbá wọn mọ́ra nínú ẹrẹ̀, mo ti fi ọwọ́ mú ẹnu wọn wá sílé. Ṣùgbọ́n bí a bá pa á, à ń pín in ni: opó á gbà, arọ á gbà, eyín rẹ̀ á sì di ohun tí a fi ń fẹ́ ìyàwó. Lọ́jọ́ kan náà ni ìyà rẹ̀ máa ń tán. A kò mú dọ́fíìnì lẹ́rú rí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ sí ọgbà àwọ̀n tí Pritchett ṣe sí etíkun níbí, tó kó àwọn tó rà ní erékùsù kejì sí. Fiualae ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ọmọ erékùsù Malaita bíi tiwa.

Ó ní, “Bàbá, ẹ sanwó kí ẹ tó wò ó o.”

“Kí n sanwó wo ẹja? Èmi? Lọ bi bàbá rẹ léèrè ẹni tó kọ́ òun ní ọkọ̀ wíwà!”

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ṣílẹ̀kùn. Wateʼoli, omi náà ń rùn. Ọ̀kan ní egbò okùn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó kàn ń yí po lójú kan náà bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Obìnrin òyìnbó kan fọn fèrè, àwọn yòókù sáré wá, wọ́n ya ẹnu, ó ń ju òkú ẹja tó ṣì ní yìnyín lára sí wọn. Ohun tó ń sá fún òkúta mi ló wá ń tẹ̀ lé fèrè, tó ń ṣagbe òkú ẹja! Ojú tì mí fún un.

Mo ní, “Fiualae, níbo ni wọ́n ń kó wọn lọ?”

“Inú bàálù ni, bàbá. Wọ́n á fi aṣọ tútù wé wọn sínú àpótí. Wọ́n ní wọ́n ń lọ jó fún àwọn ọlọ́rọ̀.”

“Àwọn tó bá kú ńkọ́?”

“A máa ń rì wọ́n mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ibẹ̀ yẹn.”

“Ẹ kì í pín ẹran rẹ̀?”

“Ta ló máa jẹ ẹ́? Oògùn òyìnbó ti kún inú rẹ̀.”

Wọ́n ń ri ẹran mọ́lẹ̀ nígbà tí ebi ń pa ènìyàn! Láti ọjọ́ náà ni inú ti ń bí mi, mi ò sì fẹ́ kó rọ̀.

O gbọ́n o. O rán Kelesi pé ẹ ó ya àwọn tó dára jù sọ́tọ̀ fún Pritchett, ẹ ó pa ìyókù, ẹ ó sì fi eyín wọn pamọ́ fún ọmọ mi Sulufoa kó fi fẹ́ Naomi. O mọ ibi tó ń dùn mí, ibẹ̀ lo fọwọ́ tẹ̀. Ilé ìyàwó ò ní gba nǹkan mìíràn lọ́wọ́ wa, ọkùnrin mìíràn sì ti ń yọjú sí ọmọbìnrin náà. Sulufoa kò bá mi jẹun láti ìjẹta. Ó ní, “Bàbá, ẹ̀yin ti fẹ́ ìyàwó tiyín, ẹ wá ń fi tèmi ṣàánú ẹja.” Mo ní kó jókòó. Kò jókòó. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́ fún ọ. Síbẹ̀ mi ò ní fi ẹrú fẹ́ ìyàwó fún ọmọ mi.

Nítorí náà, gbọ́ mi dáadáa: mo ń bínú sí ọ. Òmùgọ̀ ni ọ́, olójúkòkòrò ni ọ́. Kí olùkọ́ ìjọ ka lẹ́tà yìí sókè lẹ́yìn àdúrà àárọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun ò mọ̀ pé ìjà wà nílẹ̀. Pritchett ní òun ń kúrò kí Àjíǹde tó dé. Lọ́jọ́ tó bá lọ lọ́wọ́ òfo, èmi ni mo máa kọ́kọ́ na ọwọ́ àlàáfíà sí ọ. Kó tó di ìgbà náà, bí o bá rán odindi agbo ẹlẹ́dẹ̀, mi ò ní fẹnu kan obì rẹ.

Bá mi kí Kelesi, èmi àti òun kò jà. Kí àwọn ọmọ, kí olùkọ́ ìjọ tó ń kà á yìí, kó má fo ìlà kankan. Kí gbogbo atukọ̀ pátá. Sọ fún wọn kí wọ́n wọ́ ọkọ̀ wọn gòkè, kí wọ́n dojú rẹ̀ dé.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń bínú sí ọ tọkàntọkàn,

Toʼafia Ramolelea.