Ata Tí Kò Hù Lára Màmá

                                        Abúlé Liujiatun,
                                        Lingyuan, Liaoning.
                                        26 Oṣù Kejì, 2009.

Àǹtí Yufeng mi ọ̀wọ́n,

Ẹ má bínú pé n kò tíì kí yín. Bí mo bá kọ́kọ́ kí yín, ẹnu mi yóò tún sá sẹ́yìn bó ti ń ṣe láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yìí. Èmi ni mo pa irúgbìn ata Màmá. Kì í ṣe ara wọn ló pa á.

Ó tó, mo ti sọ ọ́. Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Dalian? Ẹsẹ̀ tó ń ro Ẹ̀gbọ́n, ọkọ yín, ńkọ́, ṣé ó ti fúyẹ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Òtútù ibí kò tíì rọlẹ̀ rárá. Bí a kò bá da aṣọ òwú tó nípọn bo orí ilé ọ̀rá tí a ń gbin ata sí kí oòrùn tó wọ̀, ilẹ̀ inú rẹ̀ á gan.

Ẹ mọ̀ pé láti ìgbà tí Bàbá ti mọ ògiri ilé ọ̀rá náà ni Màmá ti ń fi ooru ara wọn mú irúgbìn hù ká tó gbìn ín síbẹ̀. Lọ́dún yìí, èmi ni wọ́n ní kí n po omi tí a ó kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sí: omi híhó ife méjì, omi tútù ife kan. Dehai ọkọ mi ń pariwo níta pé kí n wá bá òun ká aṣọ orí ilé. Mo da omi híhó méjèèjì lé e, mo sá jáde, mo gbàgbé omi tútù. Nígbà tí mo padà, òórùn ọbẹ̀ ata ló kí mi káàbọ̀.

Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Síbẹ̀ mo ṣan hóró náà, mo fi aṣọ tó rin dì í, mo gbé e fún Màmá. Ọjọ́ méje ni wọ́n fi so òkú mọ́ ikùn. Wọn kò yí ẹ̀gbẹ́ padà lórí ibùsùn kí wọ́n má baà tẹ̀ ẹ́. Mo ń wò wọ́n, mo ń jẹun.

Ṣé ẹ̀rù ló pa mí lẹ́nu mọ́? N kò lè fọwọ́ sọ̀yà. Ọdún mọ́kàndínlógún ni Màmá ti ń pè mí ní "Girama": "Girama, ṣé ìwé rẹ kò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń po ìyẹ̀fun ni?" Apá kan nínú mi fẹ́ kí ojú ti àwọn náà.

Ọjọ́ tí wọ́n tú aṣọ náà níwájú wa, ìyàwó Pang tó múlé tì wá pàtẹ́wọ́. "Háà, Màmá! Ẹyin òbu lẹ sàba lé!" Dehai ní, "Màmá, ara yín ti di yìnyín. Ẹ fi ilé ọ̀rá sílẹ̀ fún àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lára wọn." Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà rẹ́rìn-ín lórí fóònù, mo gbọ́ yín.

A lọ ra èéhù lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á. Ṣùgbọ́n Màmá gbà pé iná ara àwọn ti kú. Wọ́n ti kó aṣọ ìsìnkú wọn jáde nínú àpótí. Ṣíbí méjì ògì jéró ni wọ́n ń jẹ lójúmọ́. Dókítà ní òun kò rí àrùn kankan.

Lánàá mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́. Wọ́n fọwọ́ kàn mí lórí. "Ọmọ mi, o ṣeun. O ń purọ́ kí n lè jẹun. N kò mọ̀ pé o láàánú tó báyìí."

Àǹtí, wọn kò pè mí lọ́mọ rí. Ó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi tẹnu mọ́ ọ mọ́. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi bá a, ó sì kọjá lára rẹ̀.

Irúgbìn ẹ̀kúnwọ́ kan ló ṣẹ́kù. Ẹ̀rù ń bà mí. Pẹ̀lú àìjẹun yìí, ooru ara wọn lè ti dín lóòótọ́. Bí èyí náà bá kọ̀ tí kò hù, èmi ni mo fọwọ́ ara mi parí wọn.

Ẹ bá mi kí Ẹ̀gbọ́n àti àwọn ọmọ. Bí ẹ bá lè wá, ẹ má dúró de ìpè.

Lọ́la, kí oòrùn tó kan ọ̀rá, màá po omi méjì sí ọ̀kan, màá ti ọwọ́ ara mi bọ̀ ọ́ wò, màá rẹ hóró ata tó ṣẹ́kù, màá sì so ó mọ́ ikùn Màmá. Bí ó bá hù, wọ́n á mọ̀ pé n kò purọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ nígbà náà, kí wọ́n gbá mi létí.

                                        Èmi ni ìyàwó ilé yín,
                                        Caixia.