Ọjọ́ Ìbí Tí Kóòdù Mi Fún Màmá

Bódìjà, ọjọ́ kìíní ọdún

Màmá tó dàgbà jù nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa pè mí láàárọ̀. "Ọmọ mi, mo rí ìkíni ọjọ́ ìbí tí ìjọ fi ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Níbo lo ti rí ọjọ́ ìbí mi?"

Mi ò rí i níbì kankan. Àyè rẹ̀ ṣófo nínú fáìlì orúkọ ìjọ. Kóòdù mi, ìyẹn àṣẹ tí mo kọ fún kọ̀ǹpútà, tó ń sọ ìlà kọ̀ọ̀kan nínú fáìlì náà di ọmọ ìjọ kan nínú kọ̀ǹpútà kó lè máa kí i lọ́jọ́ ìbí rẹ̀, ló fi ọjọ́ kìíní ọdún dí i.

Mo fẹ́ ṣàlàyé. Wọ́n ní, "Ẹnikẹ́ni ò kí mi kú ọjọ́ ìbí rí."



Mo ti tún kóòdù náà ṣe nírọ̀lẹ́ yìí. Àyè tó bá ṣófo á máa ṣófo. Lẹ́yìn náà ni mo ṣí fáìlì, tí mo fọwọ́ ara mi tẹ ọjọ́ òní síwájú orúkọ Màmá.