Àmín Tí Mo Ṣe Nídìí Ààrò

                                        Abúlé Ṣówùnmí,
                                        Ẹ̀yìn Papalanto,
                                        Ìpínlẹ̀ Ògùn.
                                        Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Ṣẹẹrẹ, 2025.

Bùsírátù ọ̀rẹ́ mi àtàtà, Ìyá Àsmá'ù,

O kú ọjọ́ mẹ́ta, o kú ọyẹ́, o kú ìdúró ti ọjà àwa méjèèjì. Ṣé dáadáa lo wà? Bàbá Àsmá'ù ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n ti fi wọ́n sílẹ̀? Àsmá'ù ńkọ́, ṣé ó ti padà sílé ìwé? Mo mọ̀ pé ìwọ nìkan ló ń ṣí ṣọ́ọ̀bù wa ní Láfẹ́nwá láti ìgbà tí ọdún ti parí, tí ò ń kó abọ́ ike síta láàárọ̀, tí ò ń kó o wọlé nírọ̀lẹ́. Ọlọ́run á bá mi san án fún ọ. Bí o bá ní kí n sọ ti ara mi, ara le, àmọ́ inú mi ò dùn rárá, mi ò sì ní tìtorí ìtìjú pa á mọ́ fún ọ. Wọ́n ti há mi mọ́ oko, Bùsírátù. Èmi tí mo ní ìgbádùn ọjọ́ díẹ̀ ni mo ń lọ ṣe.

Mo mọ̀ pé o ti máa pe fóònù mi títí tó fi sú ọ. Nẹ́tíwọ̀kì ò sí níbí àfi kéèyàn gun òkè tó wà lẹ́yìn oko, kò sì síná tí mo lè fi cháàjì fóònù. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò bí ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì. Awakọ̀ tó ń kó gbágùúdá lọ sí Láfẹ́nwá ló máa mú lẹ́tà yìí wá bá ọ.

Ṣé o rántí àbúrò ọkọ mi tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù, Abdulbaqi, tí mo máa ń pè ní Ọ̀gá Òyìnbó nítorí pé ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ? Òun ló mú ọ̀rọ̀ yìí dé nígbà tó wálé níparí ọdún. Ó ní níbi tóun wà, bí ìsinmi bá ti dé, bàbá, ìyá àti ọmọ á di àgọ́ aláṣọ sínú mọ́tò, wọ́n á lọ sùn nínú igbó, wọ́n á dáná síta, wọ́n á jókòó yí i ká, wọ́n á máa pa ìtàn. Mo bi í pé ṣé wọ́n lé wọn jáde nílé ni. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní kí gbogbo wa lọ ṣe irú ẹ̀ lóko bàbá wọn, kí àwọn ọmọ lè mọ ibi tí ìdílé ti ṣẹ̀ wá. Kó tó sọ tán, àwọn ọmọ mi ti ń fò sókè. Alhaji, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi àgbà, tí kì í fọwọ́ sí ìgbádùn kankan láyé yìí, òun ló kọ́kọ́ ní ó dára. Ó tún ní ká gbé Ìyá dání, ìyẹn ìyá tó bí gbogbo wọn, tí wọ́n ń dá gbé ilé Kemta, tó sì jẹ́ pé agbára káká ni wọ́n fi ń kúrò níwájú ilé wọn. Ó yẹ kí ojú mi ti là láti ìgbà náà. Bí o bá sì rí i pé mi ò bọ̀wọ̀ fún Alhaji nínú lẹ́tà yìí, má bá mi wí, ọ̀wọ̀ ti tán lára mi.

Nígbà tí a dé oko, àwọn ọkùnrin pa àgọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ilé alámọ̀ tí bàbá wọn kọ́. Ọ̀gá Òyìnbó gbé ààrò onírin kan jáde, ó kó èédú sí i, ó da epo kan tó ń rùn lé e lórí, ó ṣáná sí i. Ọyẹ́ fẹ́ ẹ pa. Ó tún tàn án, ó tún kú. Mùsílíù ọkọ mi náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fẹ́ ẹ títí ojú rẹ̀ fi pọ́n kankan. Ebi ti ń pa àwọn ọmọ. Ìwọ náà mọ̀ mí, mi ò lè káwọ́ gbera kí n máa wo ẹni tó ń ba iṣẹ́ jẹ́. Mo dìde, mo to òkúta mẹ́ta, mo fi ara ilé dí ibi tí atẹ́gùn ti ń wá, mo lọ ṣa ihá gbígbẹ níbi tí wọ́n ti ń fún epo pupa, mo kì í bọ abẹ́ igi. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo ṣáná sí i. Ìyá tó bí ìyá mi ló kọ́ mi, wọn ò sì jẹ́ kí n fi kẹrosíìnì dáná rí láyé wọn.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àṣehàn. Mo se ìrẹsì Ọ̀fàdà, mo lọ ata sórí ọlọ tí mo bá nínú ilé náà, mo da irú sí ọbẹ̀, òórùn rẹ̀ gba gbogbo oko. Mo ti iṣu sínú eérú gbígbóná fún àwọn ọmọ, a fi epo àti iyọ̀ jẹ ẹ́. Ọ̀gá Òyìnbó ń ya fọ́tò ìkòkò bí ẹni tó rí ìyàwó ojú ọ̀nà. Alhaji bu ìrẹsì, ó tún bù ú, ó ní òun ò mọ̀ pé irú obìnrin báyìí ṣì wà. Orí mi ń wú, Bùsírátù. Mo tún gbé ìkòkò kejì kaná.

Mo ti sọ ìṣe Alhaji fún ọ rí. Kì í pàṣẹ, àdúà ló fi ń pàṣẹ. Bó bá fẹ́ kí ẹnì kan ṣe nǹkan, á kó gbogbo ilé jọ, á tẹ́wọ́, á wá ki ọ̀rọ̀ náà bọ àárín àdúà. Bí o bá ti ṣe àmín, ó parí nìyẹn. Bí o bá padà wá jiyàn, á ní ṣé Ọlọ́run lò ń bá jiyàn ni. Bó ṣe gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àbúrò bàbá wọn nìyẹn, bó sì ṣe fún Ràhámátù ọmọ rẹ̀ lọ́kọ náà nìyẹn. Gbogbo àwa ìyàwó ilé la mọ̀ ọ́n, a máa ń gbọ́ ọ yéké kí á tó la ẹnu.

Lọ́jọ́ yẹn, ojú mi wà lára ìrẹsì tó wà lórí iná. Alhaji jẹun tán, ó nu ẹnu, ó tẹ́wọ́. Ó tọrọ àforíjì fún àwọn òkú ìdílé, a ṣe àmín. Ó bọ́ sórí àwọn ọmọ, a ṣe àmín. Ó tọrọ ẹ̀mí gígùn fún Ìyá, a ṣe àmín. Mo ń fa igi jáde lábẹ́ ìkòkò ni mo gbọ́ orúkọ mi, mo gbọ́ okun, mo gbọ́ ẹ̀san rere, mo bá ṣe àmín kan tó ròkè ju ti gbogbo wọn lọ. Nígbà tí mo máa gbójú sókè, èmi ni gbogbo wọn ń wò. Ohun tó tọrọ ni pé kí Ọlọ́run fún Lubabah lókun láti dúró ti Ìyá nínú oko yìí, kó máa dáná fún wọn bó ṣe dá a lónìí, kó má rẹ̀ ẹ́. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìrẹsì náà sì jóná.

Mo fa ọkọ mi lọ sẹ́yìn àgọ́. Ó ń wo ilẹ̀. Ó ní Alhaji ní eruku ìgboro ló ń mú Ìyá wúkọ́, pé atẹ́gùn oko á tù wọ́n lára, pé kí n fara dà á díẹ̀. Mo bi í pé díẹ̀ wo, ó ní ṣebí èmi náà ni mo ṣe àmín. Nígbà tí wọ́n ń lọ, ọmọ mi tó kéré jù di aṣọ mi mú, àfìgbà tí wọ́n já ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Ọ̀gá Òyìnbó fi àgọ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún mi, ó ní kí n máa gbádùn ara mi. Ewúrẹ́ ló ń gbádùn ara wọn nínú rẹ̀ báyìí.

Láti ìgbà náà, bí mo bá jí, iná. Bí mo bá fọ abọ́ tán, igi. Èéfín ti wọ irun mi, ó ti wọ ìbòrí tí mo fi ń kírun. Ìyá ò sì bá mi sọ̀rọ̀. Mo gbé oúnjẹ dé iwájú wọn, wọ́n á tọ́ ọ wò, wọ́n á kẹ̀yìn sí mi. Ọkọ̀ ń kọjá lójú ọ̀nà, mi ò lè purọ́, mo lè wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ fi wọ́n sílẹ̀ fún? Orúnkún wọn ò lè gbé wọn dé ìdí kànga. Ìyàwó tó bá fi ìyá ọkọ sílẹ̀ nínú igbó, ibo ló máa gbà kọjá ní Kemta tí wọn ò ní pòṣé sí i? Ìwọ ọ̀rẹ́ mi pàápàá máa pòṣé. Mo kàn ń wo mọ́tò wọ̀nyẹn títí wọ́n á fi pòórá lójú mi.

Àná ni Ìyá la ẹnu. Wọ́n bi mí pé kí ni àwọn fi ṣe mí tí mo fi ní kí wọ́n yọ àwọn kúrò nínú ilé ọkọ àwọn. Mo ní èmi kẹ̀? Wọ́n ní Alhaji ló sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn, pé èmi ni mo wá bẹ òun, pé ọjà ti sú mi, pé oko ni mo fẹ́ máa bá àwọn gbé. Mo ká ọwọ́ lérí. Nígbà tí mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ àmín fún wọn, wọ́n ní ẹ̀mí gígùn làwọn ṣe àmín sí ní tàwọn o. Ìgbà náà ni wọ́n sọ ohun tí wọ́n ti ń gbé sínú. Kí á tó wá sóko, Alhaji mú bíríkìlà kan wá sílé Kemta, wọ́n ń ta okùn kiri láti fi wọn ilé náà. Ó fẹ́ wó o, kó fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù síwájú títì. Ẹ̀yìnkùlé ilé yẹn ni ibojì bàbá wọn wà, kò sì sẹ́ni tó lè gbé kátápílà débẹ̀ bí Ìyá bá ṣì ń jókòó síwájú ilé. Wọ́n ní, "Lubabah, oúnjẹ rẹ ló dùn jù. Ká ní ọ̀lẹ ni ọ́ ni, ǹ bá ti wà nílé mi."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé egungun. Mo sunkún, Ìyá náà sunkún. Ọjọ́ tí mo ti wọ ilé wọn, a ò jókòó ti ara wa bẹ́ẹ̀ rí.

Wọ́n wá sọ ohun tí èmi ò mọ̀. Bàbá Pamílẹ́rìn, àgbẹ̀ tó múlé tì wá, ni Alhaji ní kó máa bá òun ṣọ́ wa, ìṣojú wọn ló sì ti sọ ọ́. Bàbá náà ò tiẹ̀ ní yà wò wá. Bó bá ti rí èéfín lórí ilé wa láàárọ̀, á gun òkè, á pe Alhaji pé wọ́n ti dáná, kò séwu. Ìyá ní ó dáa bẹ́ẹ̀, kí n má dáná lónìí.

Jọ̀ọ́, bí ọkọ mi bá wá bi ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù bóyá o gbúròó mi, sọ pé o ò gbọ́ nǹkan kan. Jẹ́ kí àyà tirẹ̀ náà já díẹ̀. Bá mi kí Bàbá Àsmá'ù, bá mi kí Ṣùkúrátù alátẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, kí o sì bá mi fojú sí àwọn ọmọ mi bí wọ́n bá ń ti ilé ìwé bọ̀.

Awakọ̀ ti ń fun fèrè, mo fẹ́ fi bírò sílẹ̀. Oòrùn ti ga, ààrò tutù. Bàbá Pamílẹ́rìn ti kọjá. Ó dúró, ó wo òrùlé wa, ó tún un wò, ó wá sáré gba ọ̀nà òkè lọ. Mi ò mọ̀ bóyá ìbínú ni wọ́n máa bá dé tàbí ìbẹ̀rù, ẹ̀rù sì ń ba èmi náà. Ìyá, tí wọn kì í fi omi tútù kan ẹnu nínú ọyẹ́, jókòó tì mí, gàrí ni a jọ ń mu. Wọ́n ní láti ìgbà tí wọ́n ti gbé àwọn wá sóko, èyí ni oúnjẹ àkọ́kọ́ tí àwọn jẹ yó.

                                        Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí kò dáná lónìí,
                                        Lubabah.